Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mú màmá mi lọ sí míúsíọ̀mù Onikan, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò lọ wo òrìṣà

Àbẹ̀kẹ́_Ṣùúrùlérè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ìbéèrè kan, kì í ṣe nǹkan ńlá ṣùgbọ́n ó ti ń dà mí láàmú láti àná. Màmá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n á lò tó oṣù kan lọ́dọ̀ wa ní Ṣùúrùlérè níbí, àwọn ọmọ mi méjèèjì náà wà ní họ́lídè, ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, obìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti ọjọ́ tí màmá ti dé, ìdí tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo wọn wà, iná á lọ wọ́n á bọ́ sí bálíkónì, iná á dé wọ́n á tún sáré wọlé. Mo ní ẹ jẹ́ ká jáde. Mo ní ṣé ká lọ sí bíìṣì, màmá ní omi yẹn ń pariwo jù. Mo ní ṣé ká lọ sí mọ́ọ̀lù, wọ́n ní kí làwọn fẹ́ rà níbẹ̀. Ló bá sọ sí mi lọ́kàn pé míúsíọ̀mù tó wà ní Onikan ńkọ́? Èmi gan-an ò débẹ̀ rí o, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé Èkó, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ mélòó lẹ ti débẹ̀?

Ibi tí wàhálà wá wà rèé. Mo ní míúsíọ̀mù, màmá ní ta ni ó lọ wo òrìṣà? Onítẹ̀bọmi pọ́nńbélé ni wọ́n, bàbá tó bí wọn díákónì ni, ẹ mọ bí ti Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe rí. Wọ́n ní "ṣé kí n wá fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ síbi tí wọ́n kó ère jọ sí, kí n tún sanwó lé e?" Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀, kò ràn mí lọ́wọ́ rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti òrìṣà? Orúnkún màmá ò le mọ́, ṣé ìrìn ibẹ̀ pọ̀? Báwo la ṣe máa débẹ̀ torí ọkọ mi ló ń gbé mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àwọn ọmọ. Ìbéèrè tí èyí obìnrin máa ń béèrè, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀, àkáǹtì ni mo kà ní yunifásítì, mi ò mọ nǹkan kan nípa ìtàn, mi ò fẹ́ dúró síwájú nǹkan kí n máa ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni ń ka ìwé ìdánwò.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó

Àǹtí mi, ẹ kú àlejò màmá o, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún wa. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ má bínú, èmi tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹsẹ̀ ni mo fi ń kọjá níwájú ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti wọlé.

Ọ̀nà ò le. Ẹ wọ BRT tó ń lọ sí TBS (Tafawa Balewa Square), ẹ lè wọ̀ ọ́ ní Stádíọ̀mù níbẹ̀ yẹn, kó gbé yín dé TBS, kò sí pé ẹ ń bọ́ sínú eléyìí ẹ ń bọ́ sínú tọ̀hún. Tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹ béèrè Onikan tàbí MUSON, gbọ̀ngàn orin yẹn, kò jìnnà mọ́, àmọ́ nítorí orúnkún màmá, ẹ má jẹ́ kí oòrùn mú yín, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Kì í ṣe ibi tí èèyàn á rìn títí ẹsẹ̀ á fi wú. Ẹ gbé omi dání.

Kí ló wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí òrìṣà? Mọ́tò Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun ìgbà kan! Mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa á sínú ẹ̀, Mercedes dúdú, ihò ọta ìbọn ṣì wà lára ẹ̀ títí dòní. Ìgbà tí mo wà ní pírámárì tí tíṣà kó wa lọ, òun nìkan ni mo gbé wálé, mi ò rántí ère kankan.

Tí ẹsẹ̀ bá ṣì gbà, iwájú ibẹ̀ lódìkejì ni John Randle Centre wà, ilé aláwọ̀ ilẹ̀ pupa kan báyìí tí wọ́n gbin koríko sórí òrùlé ẹ̀, ti Yorùbá nìkan ni. Ẹ mọ ìtàn John Randle yẹn? Dókítà ni, ọmọ Sàró, ìjọba òyìnbó ò dáhùn nígbà tó ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ Èkó ní omi wíwẹ̀, ló bá fowó ara ẹ̀ gbẹ́ odò ìwẹ̀ fún wọn síbẹ̀ lọ́dún 1928. Ìlú tí omi yí ká, wọn ò fẹ́ kọ́ wa ká wẹ̀! Mo máa ń ronú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ilé méjèèjì lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú màmá o, á sú wọn.

Oníṣòwò_Balógun

Ẹ má fowó mọ́tò ṣòfò jàre. Gbogbo ohun tó dáa, òyìnbó ti kó o lọ. 1897 tí wọ́n wọ Ìbíní, wọ́n jó ààfin, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ojú Ìdíà, ìyá ọba Ìbíní, tá a fi ṣe àmì FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, lọ́dún 1977, eyín erin ni, a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yá wa lò fún àsè tiwa, wọ́n ní rárá, àwa tá a ni ín la lọ gbẹ́ ayédèrú ẹ̀ lò. Kí lẹ fẹ́ wá lọ wò? Èéfọ́?

Èmi lọ sí míúsíọ̀mù kan nígbà kan, mi ò ní dárúkọ ìlú, kì í ṣe Èkó. Àwa mẹ́ta péré ni. Bá a ṣe dé àárín, iná lọ gbà. Bàbá tó ń mú wa kiri ní ká dúró, ó bọ́ síta, a rò pé ó lọ tan jẹ́ń ni, àfi bó ṣe dé pẹ̀lú fóònù Nokia kékeré olójú títàn, ló bá ń tan án sí wọn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, "ọba nìyí, ìyàwó ọba nìyí, ọba nìyí". Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn ju ti ojúbọ lọ.

ìyáìbejì_Yábàá

😂😂 ọba nìyí, ìyàwó ọba nìyí. Ẹ ti pa mí.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ fetí sí mi, ìyàwó pásítọ̀ ni mí, mo sì ti mú ìyá ọkọ mi lọ. Ẹ má bá màmá jiyàn òrìṣà rárá, ẹ ò lè borí. Kí ẹ kàn sọ fún wọn pé "màmá, ẹ wá bá mi mójú tó àwọn ọmọ, mi ò lè dá mú àwọn méjèèjì rìn l'Áílándì". Kò sí ìyá tó máa kọ ìyẹn. Tí wọ́n bá ti débẹ̀, ojú wọn ni yóò mú wọn wọlé, kì í ṣe ẹnu yín.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Ẹ̀gbọ́n Balógun, ẹ ò parọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ọ́ tán.

Ti Ìbíní jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti Ifẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún 1938, àwọn kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, ẹ̀bá ààfin Ọọ̀ni, ni ọkọ́ bá kan nǹkan. Orí èèyàn ni, idẹ ni wọ́n fi ṣe é, ó kéré díẹ̀ ju orí èèyàn gidi lọ, ó gún régé, ètè ẹ̀ rí bí ti ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n tún gbẹ́, òmíràn. Wọ́n tún gbẹ́. Orí tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló jáde láti inú ilẹ̀ ibẹ̀. Erùpẹ̀ ò tíì gbẹ lára wọn tí àwọn oníbàárà ti dé. Ọ̀kan balẹ̀ sí British Museum ní 1939, ibẹ̀ ló wà títí di bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Bascom, ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà kan, gbé méjì lọ, ṣùgbọ́n òun dá a padà ní 1950. Ìyókù ń bẹ nílé. Nílé níbí! Ẹ rántí pé nígbà yẹn kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ. Òyìnbó kan wà, Kenneth Murray, tíṣà iṣẹ́ ọnà ni, ó dé Nàìjíríà ní 1927, òun ló ń fi ọ̀rọ̀ yìí da ìjọba láàmú ṣáá títí wọ́n fi dá ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ohun àtijọ́ sílẹ̀ ní 1943, òfin jáde ní 1953, wọ́n wá ṣí ilé Onikan ní 1957. Nítorí náà, èyí tí kò lọ, ìjà ló fi dúró o, kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn kan nínú ti Ìbíní tó lọ náà sì ti ń padà. Jámánì kó nǹkan bí ogún wá ní oṣù Kejìlá 2022. Nẹ́dálándì kó 119 wá ní 2025, ọgbà míúsíọ̀mù Onikan gan-an ni wọ́n ti fà wọ́n lé wa lọ́wọ́ lóṣù Kẹfà. Kò tíì tó, mo gbà.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, nípa ti àwọn ọmọ, ẹ má sọ gbogbo ìtàn fún wọn. Ẹ mú nǹkan méjì péré. Tẹ́ ẹ bá rí ohun tí wọ́n fi idẹ ṣe, ẹ bi wọ́n pé báwo lẹ rò pé wọ́n ṣe é? Wọ́n á ní wọ́n gbẹ́ ẹ. Rárá. Wọ́n á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ ọ́n, wọ́n á fi ìda oyin bo amọ̀ náà, ara ìda yẹn ni wọ́n ti máa ya imú, ojú, ètè àti gbogbo ilà wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ bá rí. Wọ́n á tún fi amọ̀ bo ìda, wọ́n á wá gbé gbogbo ẹ̀ sínú iná. Ìda á yọ́, á ṣàn jáde, àyè tó fi sílẹ̀ ni wọ́n á da idẹ yíyọ́ sí. Ó dìgbà tí wọ́n bá fọ́ amọ̀ ìta kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó jẹ́. Tí kò bá jẹ́, ìda ti lọ, kò sí ohun tí wọ́n á tún wò dà òmíràn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa fẹ́ràn ìyẹn, ẹ bá a ra àbẹ́là kó dán an wò nílé, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú idẹ o.

Ìkejì ni ọkùnrin Tádà. Ti Onikan ni. Ọkùnrin kan tó jókòó sílẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́, ó gbé orúnkún kejì sókè, ó sanra dáadáa, ìtí aṣọ rẹ̀ sì hàn ní ìbàdí. Bàbà ni, kì í ṣe idẹ, bàbà kì í sì í ṣàn wọ inú ihò bí idẹ, ó máa ń dì ni, ẹni tó lè da bàbà tó tóbi tó báyẹn, ọ̀gá ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ará Ifẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n rí lára rẹ̀, ṣùgbọ́n Ifẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti bá a, abúlé Tádà ni, létí odò Ọya, láàárín àwọn Tápà. Àwọn ní Tsoede, baba ńlá àwọn, ló gbé e wá. Ẹ wá gbọ́: nígbà tó ṣì wà níbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn ará abúlé máa ń gbé e lọ sétí odò, wọ́n á fi yangí wẹ́wẹ́ etí odò fọ̀ ọ́ kí ẹja lè pọ̀, kí àwọn ìyàwó sì lóyún. Ìdí nìyẹn tí ara ẹ̀ fi dán bọ̀rọ́, tí ojú ẹ̀ sì ti ń parẹ́. Ẹja ni wọ́n fi ojú ẹ̀ san.

Ọmọ_Ilé_Ifẹ̀

Ẹ ṣé, Akẹ́kọ̀ọ́. Inú mi dùn pé idẹ lẹ pè é. Gbogbo èèyàn á máa ní "bronze, bronze", idẹ lórúkọ ẹ̀, ìyá àgbà mi ní tiẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ò lè wá kọ́ mi.

Kí n fi kún un. Frobenius, ará Jámánì tó dé Ifẹ̀ ní 1910, rí iṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí, ó ní irú èèyàn bíi tiwa ò lè ṣe é, ó ní àwọn ará Gíríìsì kan tí òkun gbé ìlú wọn mì ló wá tẹ Ifẹ̀ dó. Òkun wo? Ifẹ̀ jìnnà sí òkun tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja tútù ń wọ́n wa.

Ní tèmi, ohun tó jọ mí lójú jù lọ kì í ṣe orí idẹ. Àfọ́kù ìkòkò ni. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí òjò ńlá bá rọ̀, ojú ọ̀nà àdúgbò wa á là, ẹ ó rí àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n tò ní ìnàró, etí ẹ̀ lókè, ọ̀kan ń wo ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé e ń wo òsì, bí ẹni hun ẹní, ó lọ títí. Táìsì ayé àtijọ́ nìyẹn! Wọ́n ní Ọọ̀ni obìnrin kan, Lúwòó, ló pàṣẹ ẹ̀ torí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. A ń ta ayò lórí ẹ̀. Mo ti pé ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀ pé àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfurufú wá wò ó.

Ìlẹ̀kẹ̀ náà wà níbẹ̀ o. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ ní Igbó Olókun rí ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, gíláàsì ṣì lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀, wọ́n yẹ ẹ́ wò, ohun èlò ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ṣe é, láàárín nǹkan bí 1000 sí 1400. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ìwé ní òyìnbó tàbí Lárúbáwá ló kó gíláàsì wá fún wa. Ségi táwọn ìyá wa ń wí, àwa la ṣe é. Tẹ́ ẹ bá rí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró kankan ní Onikan, ẹ fi han ọmọbìnrin yẹn.

Ní ti ẹ̀sìn màmá, ẹ sọ fún wọn pé ojú èèyàn ni. Ọba, ìjòyè, ìránṣẹ́, àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ aláìsàn, wọ́n mọ wọ́n pẹ̀lú àìsàn náà lára wọn. Ṣé fọ́tò bàbá wọn tó jẹ́ díákónì ò sí lára ògiri ni?

Tọ́pẹ́_Mọ́ṣìn

Ẹ ra búrẹ́dì Agége àti ẹ̀wà dání, ó parí.

Àbẹ̀kẹ́_Ṣùúrùlérè

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti lọ, a ti dé o! Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n tètè kọ ọ́. Ẹ ṣé gan-an ni. Ìyáìbejì, ẹ̀yin lẹ gbà mí, mo kàn ní "màmá, mi ò lè dá mú wọn rìn l'Áílándì", ni wọ́n bá dìde wọ́n wá gèlè.

BRT dáa, a rí jókòó. Nígbà tá a gun Èkó Bridge tí omi yọ, màmá dákẹ́, wọ́n ní ìgbà tí àwọn gba ibẹ̀ kẹ́yìn, ọdún tí mo jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé wọ́n gbé Èkó pẹ́ báyẹn rí, mo rò pé wọ́n kàn máa ń wá kí àbúrò wọn ni.

A dé'bẹ̀, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú, mò ń wo ojú wọn. Ohun tá a kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ tó gbàfiyèsí ni orí kan báyìí láti Ifẹ̀, amọ̀ ni, kì í ṣe idẹ, àwọ̀ ẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀. Gbogbo ojú ẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ilà wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ ni, tò-tò-tò, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbà tí omi òjò bá ń sàn lára gíláàsì fèrèsé. Ọmọbìnrin mi ní "Grandma, ta ló rẹ́ ẹ lójú báyìí?" Mo ti fẹ́ máa wá ohun tí mo máa sọ. Màmá ti yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi í sójú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ibi tí ojú àwọn àti ojú ẹ̀ ti ṣe déédéé. Ẹ rántí pé ilà gọ̀ǹbọ́ ló wà lójú màmá mi. Wọ́n fi ìka tọ ojú ara wọn báyìí, láti ẹ̀gbẹ́ orí sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n ní "Olóólà tó kọ eléyìí, ọwọ́ ẹ̀ fẹ́lẹ́. Ẹ wò ó, kò sí èyí tó wọ́ nínú gbogbo ẹ̀. Èyí tó kọ tèmi, àfàìmọ̀ kó má ti mu ẹmu kó tó dé." Òótọ́ ni o, ìkan nínú ti òsì màmá gùn ju àwọn tó kù lọ, láti kékeré ni mo ti ń wò ó, mi ò bi wọ́n rí. Ọmọ mi bi wọ́n pé ṣé ó dùn wọ́n, wọ́n ní ọmọ ọjọ́ mélòó kan ló máa rántí? Mo ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ olóólà níbẹ̀.

A dé ọ̀dọ̀ àwọn ère ìbejì. Ibẹ̀ ni màmá ti yí ojú, wọ́n ní "ẹ jẹ́ ká máa lọ". Mi ò dúró, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, bá a ṣe ń kọjá lọ yẹn, ọmọkùnrin mi ní kí ló dé tí irun wọn fi rí búlúù, màmá tí wọn ò wò ó, wọ́n kọjú síwájú, wọ́n ní "búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun ni, wọ́n ń pò ó kùn wọ́n lórí. Ojú tí wọ́n ń fọ̀ lójoojúmọ́ ló ṣe pẹlẹbẹ yẹn." Mo wo màmá, wọn ò wo mi. Mo fi í bẹ́ẹ̀.

Ṣé kí n wá sọ ibi tá a ti lo àkókò jù? Mọ́tò Murtala. Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó, ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ó tó ìdajì wákàtí. Màmá dé'bẹ̀ wọ́n kàn dúró. Wọ́n ní "Áà. Òun rèé." Wọ́n wá yí i ká lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú orúnkún yẹn o, wọ́n ń ka ihò ara ẹ̀. Ló bá di pé ọdún 1976 yẹn, Mọ́ṣìn ni màmá wà, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ télọ̀! Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi! Wọ́n ní àárọ̀ Jímọ̀ ni, 13 oṣù Kejì, wọ́n wà nídìí máṣíìnì, rédíò ń ṣiṣẹ́, ló bá di orin ṣọ́jà, orin ṣọ́jà ṣáá, ni ohùn kan bá jáde tó ní ìjọba ti bọ́, ó ní kí ẹnikẹ́ni má jáde láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá wọn obìnrin ní "láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kẹ̀? Ṣé òru ló wá fẹ́ ká máa lọ sí ọjà ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ̀rín yẹn ò tíì tán lẹ́nu àwọn tí ẹnì kan fi sáré wọlé láti Òjúẹlẹ́gba, tó ní wọ́n ti yìnbọn fún Murtala l'Íkòyí nínú gósló, òun àti dírẹ́bà àti ADC ẹ̀, ọ̀gá ṣọ́jà tó máa ń tẹ̀ lé e. Ọ̀gá wọn tilẹ̀kùn, ó pa rédíò, ó ní kí wọ́n máa rán aṣọ lọ torí aṣọ ẹbí Sátidé ni, ẹni tó ni òde kò tíì wá sọ pé òde ò ní wáyé mọ́.

Ọmọkùnrin mi ní ṣé kò sí mọ́tò ṣọ́jà níwájú àti lẹ́yìn ẹ̀ ni? Màmá ní kò fẹ́ ariwo, bó ṣe máa ń lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn, á dúró sínú gósló bíi gbogbo èèyàn. Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan. Ó lọ fi ojú wọn ìka ẹ̀ mọ́ ihò kan láti òkèèrè, kò fọwọ́ kàn án o, ẹ má bá mi jà.

A ò rí ọkùnrin Tádà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo sọ ìtàn ẹ̀ nínú BRT nígbà tá a ń bọ̀, ti yangí àti ẹja yẹn. Ọmọbìnrin mi ti yọ́ àbẹ́là méjì sórí tábìlì ìjẹun mi láti ìgbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ yín ni mo ti máa gba owó tábìlì.

Ó ku ìbéèrè kan, kì í ṣe tèmi. Màmá ní kí n béèrè lọ́wọ́ "àwọn ọ̀rẹ́ orí fóònù rẹ yẹn" pé Ifẹ̀ ni, Ìbíní ni, ti apá ọ̀dọ̀ àwọn dà?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Mo jẹ gbèsè tábìlì.

Ẹ sọ fún màmá pé Èsìé, ní Kwara, kò jìnnà sí wọn. Òkúta ọṣẹ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọkùnrin àti obìnrin, púpọ̀ nínú wọn jókòó, àwọn míì mú idà, àwọn míì di irun tó ga. Àwọn ará Èsìé ní àlejò ni wọ́n, wọ́n di òkúta. Ibẹ̀ ni míúsíọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, 1945, ó ju ti Onikan lọ ní ọdún méjìlá. Tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn bá tún yọ, ẹ ní ẹni tó kọ́kọ́ ròyìn wọn fún ìjọba ní 1933, alábòójútó ilé-ìwé ìjọ CMS ni.

Àbẹ̀kẹ́_Ṣùúrùlérè

Mo kà á fún wọn. Wọ́n ní "CMS? Àwọn yẹn kì í ṣe Onítẹ̀bọmi." Wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní mélòó ni mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ síbẹ̀.